Ìdáhùn: Ìtànṣán wo ló wà nínú scan?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ká máa pe scan tí wọ́n fi ń wo oyún (ultrasound) ní "ìtànṣán-oyún", kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri ilé ìwòsàn káàkiri Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ẹ jọ̀ọ́, ká má ṣe bẹ́ẹ̀. X-ray ló ni ìtànṣán. Ìró ni scan ń lò, ìró tó ga ju èyí tí etí ń gbọ́ lọ: ó wọnú, ó kọ lu ara ọmọ, ó padà, ẹ̀rọ sọ ọ́ di àwòrán. Jẹ́lì tí wọ́n ń fi pa ikùn ńkọ́? Afẹ́fẹ́ díẹ̀ láàárín awọ ara àti ẹ̀rọ ti tó láti dènà ìró. Bó bá jẹ́ ìtànṣán ni, kí ni jẹ́lì ń wá níbẹ̀?

Ẹ tún pe èyí tí wọ́n ń ṣe láti ojú ara ní "ìtànṣán-abẹ́". Haa! Ìwé ara ògiri kì í sábà ní àmì ohùn. Bí àmì òkè yẹn bá ti bọ́, "abẹ" ló kù, aboyún á sì rò pé wọ́n fẹ́ la òun. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n á fi rọ́bà bò ó, wọ́n á fi jẹ́lì sí i. Kì í ba oyún jẹ́. Kí obìnrin tọ̀ kó tó ṣe é. Ti orí ikùn ló ń fẹ́ omi, pàápàá nígbà tí oyún kò tíì pé oṣù mẹ́ta: bí ife mẹ́rin, ní wákàtí kan ṣáájú, kó má sì tọ̀. Àpò ìtọ̀ tó kún á ti ìfun tó ní afẹ́fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìfìrówonú ni mo fara mọ́: ì-fi-ìró-wo-inú. Mi ò fi "oyún" sí i, torí ẹni tó ní ìju tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀ jù náà ń ṣe é. Ẹ wo Abíyè tí ìpínlẹ̀ Oǹdó wa fi sọ ètò ìlera aboyún ní 2009. Ìyá àgbà ní Ọjà Ọba á túmọ̀ ẹ̀ láìka ìwé: a-bí-yè.

Ẹ kọ èyí náà sára ògiri: kí aboyún ṣe scan kan ó kéré tán kí ọ̀sẹ̀ 24 tó pé. Ṣáájú ọ̀sẹ̀ 14 ni ìṣírò ọjọ́ ìbí ti máa ń péye jù. Bí ibi ọmọ bá wà nísàlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 20, kí wọ́n tún un wò ní bí ọ̀sẹ̀ 32. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló máa ń gòkè.
(Àkúrẹ́)

Àbúrò, mo gba ìró. Mi ò gba "inú". Ẹni tó ń wo ẹ̀dọ̀, ṣé kì í ṣe inú ló ń wò? Àwọn ìyá tó gbẹ̀bí wa, oyún ni wọ́n ń wò. Ní ti abẹ́, ẹni tó kọ̀wé láìfàmì sí i ló jẹ̀bi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà.
(Oǹdó)