Lórí "ìyípadà òdo": ojú ìbọn kò kúrò níbì kan, ọta ló yà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìbéèrè tí mo gbé síwájú yín lọ́sẹ̀ tó kọjá kò gùn rárá, àmọ́ ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdáhùn bò mí mọ́lẹ̀. Fún ẹni tí kò bá wa níbẹ̀: arákùnrin kan, ọmọ Òṣogbo níbí tó ń gbé ní Texas, ló ní kí n bá òun kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ìsàlẹ̀ fídíò kan tí òun yà fún bàbá òun. Ọdẹ ni bàbá yìí, Òkè-Baálẹ̀ ni ilé wọn, kò jìnnà sí tèmi. Ọmọ fẹ́ kí bàbá rí ìdí tí ìbọn òun fi ń tàsé nígbà tí òun bá pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó lè máa yin ọta kékeré. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "zero" ìbọn, ìyẹn títo ìbọn kí ọta lè bà ibi tí ojú wò ní ibi jíjìnnà kan pàtó, ló há mi lọ́fun: kí ni ká máa pè é ní Yorùbá? Ẹni wa tó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn ní kí n kọ "òdo", kí n sì pe yíyẹ̀ rẹ̀ ní "ìyípadà òdo". Ọ̀pọ̀ yín gbè wọ́n. Mo ti rò ó sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì, mi ò lè gbà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. AR-15 ni ìbọn arákùnrin yìí. (Òfin Nàìjíríà kò fi irú rẹ̀ sọ́wọ́ ará ìlú lásán, kí ẹnikẹ́ni má wá mi wá sílé.) Ọta tó ń jẹ jẹ́ 5.56 mm, tó sábà máa ń wọn gíréènì 55 (òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọta), tó sì ń sáré ju 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta yìí wọ́n. Nítorí náà àwọn kan máa ń yọ irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ikùn ìbọn náà, wọ́n á ki òmíràn bọ̀ ọ́, wọ́n á pààrọ̀ àpò ọta rẹ̀, ìbọn kan náà á wá máa jẹ .22 LR, ọta kékeré tó ti wà láti 1887. Ìyẹn kì í sábà ju gíréènì 40 lọ, eré rẹ̀ kì í sì í sábà ju bí 1,200 ẹsẹ̀ bàtà. Fífẹ̀ àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, òun ni ẹnu ìbọn kan náà fi lè tu méjèèjì jáde. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà pàápàá ti lo irú àfidípò yìí rí fún M16, ìbọn ogun wọn, M261 ni wọ́n ń pè é, kí ẹni tó ń kọ́ ìbọn yíyìn má baà jẹ owó ìjọba tán.

Ó dáa. Ojú ènìyàn ń lọ tààrà. Ọta kì í lọ tààrà. Ó ń gòkè díẹ̀ kó tó wálẹ̀, bí òkò tí ọmọdé sọ. Lórí ìbọn yìí, ibi tí ojú ń gbà wò ga ju ihò tí ọta ń gbà jáde lọ tó ínṣì méjì ààbọ̀. Nítorí náà ọta ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá pàdé ojú, ó kọjá sókè, ó tún padà wá pàdé rẹ̀ níwájú. Ẹẹ̀mejì ni wọ́n ń pàdé. Bí a bá to ìbọn náà kí ọta 5.56 pàdé ojú ní yáàdì 50, wọ́n á tún pàdé ní nǹkan bí yáàdì 200. Ẹ wá fi ọta kékeré dípò, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Kò ní bá ojú ní 50 mọ́, yóò gba ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá sì tún un tò kí òun náà bá ojú ní 50, nígbà tó bá fi dé 100 á ti wà ní nǹkan bí ínṣì 5 tàbí 6 nísàlẹ̀ ibi tí ẹ wò.

Níbí ni "òdo" ti gé ọwọ́ mi. Lára ohun tí a fi ń wo ọ̀gangan, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n ń yí, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí ọta bá ti ń bà níbi tí ojú wò, wọ́n á tú bọ́tìnnì yẹn, wọ́n á yí nọ́ńbà náà sí 0, wọ́n á dè é padà. Lọ́jọ́ tí arákùnrin wa ki àfidípò bọ inú ìbọn, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Ó ṣì wà lórí 0. Kámẹ́rà tiẹ̀ sún mọ́ ọn dáadáa nínú fídíò náà, ẹ lè ka 0 ọ̀hún ketekete. Ṣé kí n wá kọ "òdo ti yí padà" sábẹ́ àwòrán òdo tí kò kúrò lójú kan? Bàbá arúgbó náà mọ nọ́ńbà. Á ní mò ń purọ́.

Ẹni wa tó kọ̀wé láti Ìlá sọ pé òdo kò ṣàjèjì, pé àwọn tó ń ta ẹja dídì ní Ọjà Ọba pàápàá ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti dúró níwájú wọn lọ́pọ̀ ìgbà tí mò ń jà pé kí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n kọ́kọ́ wá sórí òdo kí wọ́n tó gbé títù mi sí i. Àmọ́ òdo ti òṣùwọ̀n, òfìfo ni: kò sí nǹkan lórí àwo. Ti ìbọn kì í ṣe òfìfo. Ọta kan pàtó ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ibi jíjìnnà kan pàtó. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò, kò sí mọ́.

Ẹlòmíràn mú "àfojúsùn" wá. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni nígbà kan, ó ti inú "fojú sùn" wá, iṣẹ́ ọdẹ gan-an. Ṣùgbọ́n gómìnà àti pásítọ̀ ti gbà á lọ́wọ́ ọdẹ. Bí mo bá kọ ọ́ sábẹ́ fídíò, bàbá á máa retí kí wọ́n gbé igbá ọrẹ.

Mo bá gbéra, mo lọ bá bàbá fúnra wọn. Ọdẹ ṣáà ni Tìmẹ́hìn tó bá Láròóyè tẹ ìlú yìí dó, kí ló dé tí a kò ní bi ọdẹ? Mo bá wọn lábẹ́ òòrùlé, ṣakabùlà wọn dùbúlẹ̀ lórí ẹní, wọ́n ń fi aṣọ àkísà nù ún.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ bá gba ìbọn tí ẹ kò lò rí, tí ẹ wo ara igi, tí ọta lọ bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́?"

"Ṣé ọwọ́ mi ló gbọ̀n ni àbí ìbọn ni?"

"Ìbọn ni, sà."

"À á ní mi ò tíì mọ ojú rẹ̀."

"Nígbà tí ẹ bá wá mọ̀ ọ́n ńkọ́?"

"Ibi tí mo bá rán ojú lọ, ibẹ̀ lọta á ti pàdé rẹ̀." Wọ́n da ẹ̀tù díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ láti inú àdó, wọ́n fi ìka méjì ṣẹ́ ìdajì rẹ̀ padà sínú àdó, wọ́n wá na ọwọ́ sí mi. "Èyí tó kù yìí ńkọ́? Ṣé ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti pàdé?"

Mo ní rárá, sà. Wọ́n ní "ẹ̀n-hẹ́n," wọ́n padà sídìí aṣọ wọn.

Ohun tí mo gbé wá fún yín ni "ibùpàdé". Ibùpàdé ọta àti ojú. Ó ṣeé pín: ibùpàdé ìtòsí, ibùpàdé òkèèrè, nítorí ẹẹ̀mejì ni mo ti ní wọ́n ń pàdé, òdo kò sì lè gbé ìyẹn. "Ìbọn mi ní ibùpàdé 50" yé ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Bí a bá pààrọ̀ ọta, a ní "ibùpàdé yẹ̀", gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń yẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa pe "síírò" lẹ́nu níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn, kó máa pè é, mi ò bá a jà. Sísàlẹ̀ fídíò ni mò ń sọ.

Ọ̀rọ̀ "yẹ̀" yìí tiẹ̀ dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe rò lọ. Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan. Àwa ní "gba ìsàlẹ̀", a sì ní "yà". Ọta tó gba ìsàlẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ kò le: eré rẹ̀ kéré, ilẹ̀ sì ń fà á. Èyí tó yà sósì tàbí sọ́tùn-ún ló ní àwíjàre. Ọta kékeré yẹn ń gba inú ọrùn irin kan tí wọ́n fi dípò ilé ọta ńlá kọjá kó tó kan ìlà tó ń yí i nínú ihò ìbọn. Ìlà ọ̀hún fúnra rẹ̀ yí kíákíá, ẹ̀ẹ̀kan ní ínṣì 7 tàbí 9, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ní ínṣì 16 ni wọ́n sábà ń ṣe fún .22. Gbígbọ̀n irin ìbọn kò sì rí bákan náà fún ọta méjèèjì. Nítorí náà ìbọn méjì tó jọ bí ìbejì lè gba àfidípò kan náà, kí ọ̀kan yà sósì, kí èkejì má yà rárá. Kò sí iye tí mo lè kọ sábẹ́ fídíò pé báyìí ni yóò ṣe yẹ̀. Ìbọn tirẹ ni wàá yìn kí o tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sáré sọ "rimfire". Etí ìdí kátíríìjì rẹ̀ ni irin ń lù kó tó dún. Ti ọta ńlá, àárín ìdí ni. Mo kọ "ọta agbálétí". Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n etí odò, etí aṣọ, etí ọta, èwo ló burú níbẹ̀? Èkejì á wá jẹ́ "agbánídìí". Bí ẹ bá ní èyí tó níwà ju ìyẹn lọ, ẹ mú un wá.

Bọ́tìnnì tí wọ́n ń yí máa ń dún kẹ́, kẹ́, bí ẹni ń ṣẹ́ ìka. Mo kàn pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní "kẹ́". Lórí ti arákùnrin wa, kẹ́ 4 ń sún ọta ní ínṣì 1 ní yáàdì 100. Ní yáàdì 25, kẹ́ 16 ló máa ná an kó tó rí ínṣì kan náà. Ó yí i títí ọta agbálétí fi bá ojú rẹ̀ pàdé, ó dùn mọ́ ọn nínú, fídíò parí síbẹ̀.

Alẹ́ àná ni mo gbé fóònù lọ fún bàbá láti wò ó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí mo kọ. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò béèrè ìtumọ̀ ibùpàdé, wọn ò béèrè ti agbálétí. Wọ́n ní, "Nígbà tó bá fẹ́ dá ọta ńlá yẹn padà sínú ẹ̀, ṣé ó kọ iye kẹ́ tó yí sílẹ̀?"

Mo fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí Texas. Kò kọ ọ́ sílẹ̀.