Ṣé a lè mọ ibi tí epo bẹntiróòlù tí à ń rà ti wá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ epo, ẹ là mí lọ́yẹ. Mi ò fẹ́ náwó mi fún iléeṣẹ́ tó ń ba ilẹ̀ àti omi onílẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ náà ló ń ta kókó sí i.

Wọ́n máa ń po epo rọ̀bì láti orílẹ̀-èdè mélòó kan pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, epo iléeṣẹ́ tó ń bára wọn díje lè gba inú ọ̀pá kan náà dé inú táǹkì kan náà. Ìgbà tí ọkọ̀ agbépo bá fẹ́ gbé e ni wọ́n tó da èròjà tí ń fọ ẹ́ńjìnnì, ti iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, sí i. Orúkọ ara ilé epo kò wá sọ kànga tí epo ti jáde.

Ní 2010, òṣìṣẹ́ 11 kú nígbà tí Deepwater Horizon, ẹ̀rọ ńlá tó ń gbẹ́ kànga epo lójú òkun fún iléeṣẹ́ epo BP, bú gbàù, tí epo sì tú sókun. Ọ̀pọ̀ èèyàn yẹra fún ilé epo BP ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn oníṣòwò aládàáni ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Pé àwọn oníṣòwò yẹn ló fara gbá a dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ní 1995, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará Jámánì kò ra epo Shell mọ́ nítorí Brent Spar, táǹkì epo ńlá orí òkun tí Shell kò lò mọ́ tó sì fẹ́ rì, Shell ò rì í sókun mọ́.

Kí ló fà á tí ti 1995 fi ṣiṣẹ́? Ǹjẹ́ ẹ mọ iléeṣẹ́ tó ń sọ orísun epo rẹ̀ fún oníbàárà? Àbí kí n kúkú dín epo tí mò ń rà kù?