Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni iná pupa lé wa jáde

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka ìrírí oníkálukú níbí nípa ibi tí wọ́n ti lọ ṣeré, mo ní kí n mú tèmi náà wá, torí láti Mọ́ńdè ọdún Àjíǹde tó ti ṣẹlẹ̀, kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Aṣọ ni mò ń rán, ní Àkúrẹ́ níbí, lọ́nà Ìjọ̀kà. Ó ti lé ní ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ mi. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn fẹ́ gba fíríìdọ̀mù, ó wá bẹ̀ mí pé ká tó ṣe ìnáwó, kí n kó gbogbo wọn jáde lọ síbì kan, kí wọ́n lè máa fi rántí ara wọn. Mo rò pé Òkè Ìdànrè ni wọ́n máa dárúkọ, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀ta. Wọ́n ní rárá, pé ibì kan wà lápá Ọ̀bá-Ilé tó jẹ́ pé inú yàrá ni wọ́n ti ń ṣeré níbẹ̀. Yàrá márùn-ún ni, èèyàn á fi ara ṣiṣẹ́, á fi orí ṣiṣẹ́, kó tó lè ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Mo ní kò burú, mo san owó wa.

Bọ̀dá tó ni ibẹ̀, ọmọ Àkúrẹ́ ni, Amẹ́ríkà ló gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó jókòó tì wá, ó sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nítòsí Boston ló ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, ní ìlú Malden, nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Boda Borg, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2015. Orílẹ̀-èdè Sweden ni nǹkan náà ti ṣẹ̀ wá. Ibẹ̀ ló máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ nígbà ìsinmi. Ìgbà tó wá padà sílé, ilé búlọ́ọ̀kù tí bàbá rẹ̀ kọ́ kù kó tó dágbére fáyé ló pín sí yàrá, ó kùn ún, ó fa iná sí i.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ní òun ti rí irú eré yìí lórí fóònù, pé ṣebí wọ́n á ti ìlẹ̀kùn mọ́ èèyàn ni. Bọ̀dá ní ìyẹn yàtọ̀. Ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Kyoto, lórílẹ̀-èdè Japan, lọ́dún 2007: wọ́n á tì yín mọ́ ibì kan, ẹ ó máa wá bí ẹ ṣe máa jáde kí àkókò tó tán. Ní tòun, bíi ti Malden ni òun ṣe é. Ẹni mẹ́ta sí márùn-ún ló ń wọlé pọ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé báyìí ni kí ẹ ṣe é. Tí ẹ bá ṣe é re, iná aláwọ̀ ewé á tàn, ìlẹ̀kùn tó kàn á ṣí. Tí ẹ bá ṣì í ṣe, iná pupa á tàn, ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ jáde síta, ẹ ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ láti yàrá àkọ́kọ́. Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò yé mi bí ìyẹn ṣe máa rí lára títí tó fi ṣẹlẹ̀ sí wa.

Yàrá kìíní, táyà ọkọ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so rọ̀ láti òkè. A wọlé, a rọra ń rìn lórí sìmẹ́ńtì, iná pupa tàn, a jáde. Ìgbà tí a padà wọlé ló yé wa pé ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Ọwọ́ mi já lórí táyà kẹta, ẹsẹ̀ mi balẹ̀, iná pupa tún tàn. Ẹni tó bá máa lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ ìró. Ẹ wọ ṣòkòtò àti bàtà tó bá mú ẹsẹ̀ dáadáa.

Yàrá kejì ṣókùnkùn díẹ̀. Wọ́n ta okùn káàkiri inú rẹ̀, wọ́n so ṣaworo mọ́ ọn, a ní láti gba abẹ́ òmíràn, ká gorí òmíràn, kí ṣaworo kankan má sì dún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lé wa lẹ́ẹ̀kẹta. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí bọ̀dá yẹn tún ṣe, mo sì sọ ọ́ lójú rẹ̀: wọ́n mú iná nígbà tí a wà láàárín okùn, ilẹ̀ ṣú dùdù, ó sì tó ìṣẹ́jú bíi méjì kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí mo tì í, ìyẹn dára, Ọlọ́run ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já, tàbí tí mímí máa ń ṣòro fún, ó yẹ kí iná tọ́ọ̀ṣì wà lára ògiri fún un. Ó ní òun á ṣe é.

Ẹ wá gbọ́ ti yàrá kẹta.

Kò sí táyà, kò sí okùn. Àwòrán mẹ́ta ló wà lára ògiri, wọ́n tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún. Lábẹ́ wọn, nǹkan kékeré kan tó ní nọ́ńbà lára bíi ti ẹ̀rọ POS, àyè nọ́ńbà mẹ́rin. Ọpọ́n ayò ni àwòrán kìíní, ọmọ ayò kún inú rẹ̀, eré kò tíì bẹ̀rẹ̀. Èkejì, ọjà oko ni: àtíbàbà onímọ̀ọ̀pẹ, apẹ̀rẹ̀ iṣu, àti ìyá kan tó ti di igbá rẹ̀, tó ń juwọ́ sí oníbàárà rẹ̀. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnu rẹ̀: "Ó di…", wọn ò parí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, obì ńlá kan, tó ń fi ibi tó ti máa là hàn.

Ti ayò kò gbà wá lásìkò. Ọmọ mi àgbà mọ̀ ọ́n, ihò méjìlá, ọmọ mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48. Obì, èmi ni mo mọ ìyẹn. Gbànja, awẹ́ méjì ló ń ní, àbàtà ló ń ní mẹ́rin, mẹ́rin sì ni wọ́n yà. Ó ku nọ́ńbà kan ṣoṣo láàárín. Ó di ìgbà wo? Mo ní ọ̀sẹ̀ kan ni, ọjọ́ méje. A tẹ 4874. Iná pupa. A padà sídìí táyà, a padà sídìí ṣaworo, òógùn ti bò wá. Lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ mi àgbà rántí pé ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa, ọjọ́ mẹ́rin ni. Ó dùn mọ́ mi nínú. Bó ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí ni èyí tó kéré jù nínú wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa, tí a máa ń pè ní Ìyá Kékeré ní ṣọ́ọ̀bù. Ohùn rẹ̀ kò ju ti kòkòrò lọ. Ohun tí a gbọ́ ni "ó di ọ̀run".

Ọmọ mi àgbà gbá a lọ́wọ́. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Èmi náà yíjú sí i, mo ní, "Ìwọ, dákẹ́ ná, jẹ́ ká ronú." A tẹ 4844. Iná pupa.

Lẹ́ẹ̀kẹfà a ní bóyá "ó di ọ̀la" ni, a tẹ 4814. Iná pupa. Lẹ́ẹ̀keje, ó ti rẹ̀ wá débi pé ibi táyà la ti jábọ́. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, ká lọ jókòó. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, à ń mu píọ̀ wọ́tà, kò sẹ́ni tó fọhùn. Ìgbà yẹn ni mo ṣàdédé rántí ohun tí ọmọ yẹn sọ. Mo pè é. Mo ní, "Wá, kí lo sọ lẹ́ẹ̀kan, tí o ní ó di ọ̀run?"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú mà. Ọrún ni mo sọ, kì í ṣe ọ̀run."

Ìyá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, ní abúlé kan lẹ́bàá Ìgbàrà-Òkè. Ata àti iṣu ni ìyá yẹn ń tà, lọ́jà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún. Tí ọjà bá ti tú, tí wọ́n bá ń kẹ́rù, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún oníbàárà ni, "Ó di ọrún o." Ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjà kan sí èkejì lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n wà gan-an mọ́ ọn, ó di márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsán, tí à ń pè ní mẹ́sàn-án, tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́jọ ló fi jìnnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàdógún, tó jẹ́ mẹ́tàdínlógún lẹ́nu, mẹ́rìndínlógún lórí ìrìn. Mo gbọ́n tó láti mọ èyí. Mo ti gbọ́ ọrọọrún láti kékeré, n kò fi ọkàn sí i rí.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò tún un sọ?"

Ó ní, "Ẹ ní kí n dákẹ́, mà."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń jíṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ló ti lò lọ́dọ̀ mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé mi lọ, kì í ṣe inú yàrá. Inú oṣù Kejìlá ló gbé mi lọ, ọjọ́ tí mo ń gé léèsì ìyá ìyàwó kan. Léèsì yẹn ní ojú, ó ní ẹ̀yìn. Mo gé apá kan, n kò yí aṣọ padà kí n tó gé èkejì, apá méjèèjì wá di ti ọwọ́ ọ̀tún. Aṣọ kò tó mọ́. Owó mi ni mo fi ra léèsì mìíràn dípò rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń fẹsẹ̀ palẹ̀, mo ní kí ló ń wá níbẹ̀, kó lọ lọ aṣọ. Mo wá bi í lórí bẹ́ǹṣì yẹn, "Léèsì oṣù Kejìlá, ṣé o rí i kí n tó gé e ni?" Kò dáhùn. Ó fi orí jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, omi bọ́ lójú mi níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Mo fà á dìde. Mo ní ó yá, òun ló máa ṣáájú wa wọlé.

Ẹ bá rí i bó ṣe ń gba orí táyà kọjá! Ó máa dúró lórí ọ̀kan, ó máa na ọwọ́ sí mi, "Ẹ mú ọwọ́ mi, mà, ẹ má wolẹ̀." Ṣaworo kò dún. Ní yàrá kẹta, a fi í síwájú. Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó tẹ mẹ́rin, ó tẹ mẹ́jọ, ó wojú mi, mo ní tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ márùn-ún. Ó tẹ mẹ́rin. Iná aláwọ̀ ewé tàn, ariwo tí a pa, bọ̀dá onílé sáré wá wò wá.

Yàrá kẹrin lé wa jáde kíá, a ò tiẹ̀ mọ ohun tí a ṣe. Àkókò wa ti tán, a gba kẹ̀kẹ́ wálé. A ṣì máa padà lọ.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, mo tẹ́ ankara ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ yáàdì kan sórí tábìlì, ti ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí kan, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, mo ti mú sísọ́ọ̀sì. Ìyá Kékeré dìde nídìí maṣíìnì rẹ̀, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fẹsẹ̀ palẹ̀. Mo gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀. Mo ní, "Sọ ọ́."

Ó ní, "Àwọn ẹyẹ ara aṣọ yìí, mà. Orí wọn wà nísàlẹ̀."

Mo wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni. A jọ dì í mú lórí àti ní ìdí, a yí i padà.