BMW 535i àbí Mercedes 300E-24: èwo ló tọ́ sí ojú ọ̀nà wa?

arojojoye, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Mo fẹ́ ra ọkọ̀ àtijọ́ kan tó mọ eré sá, tí mo sì lè máa gbé lọ sí Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Méjì ló wà níwájú mi báyìí. Ọ̀kan ni BMW E34 535i ọdún 1990, jíà ọwọ́. Èkejì ni Mercedes 300E-24 ọdún 1991, V-boot, ọtomátíìkì. Iye tí wọ́n ń pè lórí wọn kò jìnnà síra. Ara Mercedes yẹn mọ́ ju ti BMW lọ, àmọ́ ẹni tó ni ín ní ó ti tó ọdún kan tó ti wà nílẹ̀ láì rìn. BMW ń rìn lójoojúmọ́, sitíárìn rẹ̀ kàn ń gbọ̀n tí wọ́n bá tẹ bíréèkì lórí eré bíi 90. Mẹkáníìkì mi ní kí n fi méjèèjì sílẹ̀ kí n ra Camry. Mi ò fẹ́ Camry. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n gbé, kí sì ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

remo_m30, Ṣágámù

535i ni kí ẹ gbé. Ẹ́ńjìnnì M30 ló wà nínú rẹ̀, 3,430 cc, sìlíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, họ́ọ̀sì-páwà 211, tọ́ọ̀kì, ìyẹn agbára ìfà, 305 Nm ní 4,000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Mercedes yẹn fi họ́ọ̀sì-páwà jù ú, 220 fún èyí tó ní kátálíìsì tó ń fọ èéfín mọ́, 231 fún èyí tí kò ní, àmọ́ tọ́ọ̀kì rẹ̀ kò ju 265 sí 272 lọ, ó sì di 4,600 kó tó yọ. Lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Benin, nígbà tí tírélà méjì bá tò tẹ̀lé ara wọn tí ẹ fẹ́ bọ́ síwájú wọn kí ihò tó dé, tọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀ yẹn lẹ máa lò. Ẹ ò ní ráyè máa wá rpm 6,400 tí agbára Mercedes yẹn ti ń yọ kiri.

Kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n 535i, ìyẹn bí sìlíńdà ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, tún kéré, 9 sí 1. Ti 300E-24 jẹ́ 10 sí 1. Epo tí kò bá dára tó, ẹ́ńjìnnì tí kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀ ga ló máa kọ́kọ́ dún kẹ́kẹ́kẹ́ tó bá ń gun òkè.

Gbígbọ̀n tí ẹ sọ yẹn kò yẹ kó bà yín lẹ́rù. Bọ́ọ̀ṣì, ìyẹn rọ́bà, apá òkè iwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní thrust arm, ló ti jẹ. Àìsàn E34 ni, láàrin 80 sí 100, pàápàá tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta dísìkì bíréèkì tuntun fún yín kí wọ́n tó wo bọ́ọ̀ṣì. Ẹ wá bọ́ọ̀ṣì ti BMW 750i E32, ó wọ ibẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ pààrọ̀ tọ̀tún tòsì pọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ wọlé, kì í ṣe òòlù, kí wọ́n sì kọjú rẹ̀ síbi tó yẹ. Ohun tí kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀ṣì tuntun pẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń di bóòtì rẹ̀ pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì. Rọ́bà yẹn á ti lọ́ kí táyà tó kan ilẹ̀, kò sì ní pẹ́ ya. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n tó dì í le.

Ibi tí M30 ti máa ń kú gan-an ni òkè, lábẹ́ kọ́fà fáàfù. Páìpù ọ́ìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń ta ọ́ìlì sórí káàmù, irin tó ń ṣí fáàfù. Bóòtì oníhò méjì ló dì í mú, bóòtì yìí sì máa ń tú fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti tú, ọ́ìlì á máa ṣàn dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtì, kò ní dé ojú káàmù mọ́, káàmù á sì jẹ. Ẹ bẹ ẹni tó ni ọkọ̀ kó jẹ́ kí ẹ ṣí kọ́fà yẹn. Ẹ fi ìka kan ojú káàmù lọ́kọ̀ọ̀kan: ó gbọ́dọ̀ dán, kó má ní kòtò tàbí ojú ìrẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ rílè tó ń gbé pọ́ńpù epo, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí láì jó. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ kán sórí káàmù kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá rí ọ́ìlì, ihò rẹ̀ ti dí, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń là á. Tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, wáṣà kọ́pà tuntun ni kí ẹ lò.

ilishan24v, Ìlíṣàn

Ẹ̀gbọ́n remo_m30, ẹ ti sọ òtítọ́ nípa M30, ṣùgbọ́n ẹ ti fi ojú kékeré wo 300E-24. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń ti fáàfù nínú M104, ẹ́ńjìnnì rẹ̀, jẹ́ ti ọ́ìlì, kò sí pé à ń ṣí i ká máa wọ̀n ọ́n. Ti M30 yín ńkọ́? Ẹ máa ṣí i lóòrèkóòrè láti wọn àlàfo fáàfù méjìlá. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn W124, ìyẹn V-boot, ní apá márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá wọ kọ́nà tí ihò bá yín láàrin rẹ̀, ìdí ọkọ̀ yẹn kò ní fò. E34 dára, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kò fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀kì, ilẹ̀kùn, iná, gbogbo nǹkan ara V-boot kún ọjà Ládípọ̀.

Ẹlòmíì á sọ pé wáyà ẹ́ńjìnnì M104 máa ń gbó, tí rọ́bà rẹ̀ á máa já bí erùpẹ̀. Kì í ṣe ti ọkọ̀ yìí. Àwọn 2.8 àti 3.2 tó dé lẹ́yìn rẹ̀, títí di 1995, ni wáyà yẹn wà nínú wọn. 300E-24 ṣì ń lo KE-Jetronic, ètò ìfún epo àtijọ́, wáyà rẹ̀ kò bá wọn pín nínú ìyẹn.

Àìsàn tirẹ̀ ni gásíkẹ̀ẹ̀tì tọ́ọ̀pù, èyí tó wà láàrin bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì àti orí rẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì yọ ní igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, á sì máa ṣàn wálẹ̀ lára bulọ́ọ̀kù. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ibẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rinrin lásán, ẹ fi dúnàádúrà. Tí ọ́ìlì bá wà nínú omi rédíétọ̀, ẹ máa lọ sílé yín.

remo_m30, Ṣágámù

Àbúrò, mo gbà nípa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ti spare part ni mi ò gbà. Ara V-boot ló kún Ládípọ̀, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì fáàfù 24. Tọ́ọ̀pù rẹ̀ yàtọ̀, kọ́fà púlọ́ọ̀gì rẹ̀ yàtọ̀, ẹ̀rọ tó ń pín epo sí sìlíńdà yàtọ̀ sí ti 230E àti 300E fáàfù méjìlá. Èyí tó máa dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà gan-an ni èyí tí wọn ò ní.

Fáàfù méjìlá kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Ẹ tẹ̀lé bó ṣe ń jó, 1-5-3-6-2-4. Tí sìlíńdà kìíní bá wà lókè tí fáàfù rẹ̀ méjèèjì sì ti pa, ti ìkẹfà á máa mì. Bẹ́ẹ̀ náà ni 5 pẹ̀lú 2, àti 3 pẹ̀lú 4. Ẹ tú nọ́ọ̀tì 10 lórí rọ́kà, ẹ fi wáyà tó tẹ̀ yí rébété inú rẹ̀ títí fíílà (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) 0.30 mm á fi wọlé pẹ̀lú ìdènà díẹ̀, kí ẹ wá dì í. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti dì í, torí ó máa ń yí díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń dì í.

505_odogbolu, Òdògbolú

Ẹ ò tíì dárúkọ Peugeot 505 GTI. 2,165 cc, họ́ọ̀sì-páwà bíi 130. Kò ní lè lé 535i bá, mi ò jiyàn. Àmọ́ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ gbé ihò mì ju àwọn méjèèjì lọ, ìdílé rẹ̀ náà sì ni 504 tí Ove Andersson fi gba Safari Rally ní 1975. Ẹni tó bá fẹ́ rà á kí ó mọ̀ pé sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kì bọ inú bulọ́ọ̀kù, omi ló yí wọn ká. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ṣí tọ́ọ̀pù, kí wọ́n fi irin àti wáṣà di àwọn sìlíńdà yẹn mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí ẹ́ńjìnnì rárá. Tí ọ̀kan bá fi gbéra pẹ́ẹ́, rọ́bà ìdí rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, omi á sì máa wọ inú ọ́ìlì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́, tí wọ́n sì ń sọ pé Peugeot ni kò dáa.

rewaya_ikenne, Ìkẹ́nnẹ́

Ọ̀rọ̀ Mercedes tó ti wà nílẹ̀ fún ọdún kan ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sìtáàtì rẹ̀ lójú yín pẹ̀lú epo àtijọ́. Inú ẹ̀rọ tó ń pín epo nínú KE-Jetronic, irin gbọọrọ kan wà tó ń lọ sókè-sódò, ààyè rẹ̀ tín-ín-rín púpọ̀. Omi inú epo á mú un dípẹtà, epo tó ti sùn á di gọ́ọ̀mù mọ́ ọn lára, ó sì há nìyẹn. Ẹ gbọn epo táǹkì dànù, ẹ pààrọ̀ fílítà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn pọ́ńpù, ẹ wá fi géèjì wọn agbára epo: bíi bar 5.4 ló yẹ kó wà. Tó bá ń sìtáàtì dáadáa láàárọ̀ ṣùgbọ́n tí ó ń ṣe agídí nígbà tó bá gbóná, ẹ kọ́kọ́ fura sí agolo tó ń tọ́jú agbára epo, èyí tí wọ́n ń pè ní accumulator.

Tí iná ABS bá tàn tí ẹ́ńjìnnì sì ń jó ségesège lẹ́ẹ̀kan náà, rílè OVP, tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná tó bá pọ̀ jù, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó wà lẹ́yìn bátìrì, fíúsì rẹ̀ wà lórí rẹ̀ lókè. Ẹ pààrọ̀ fíúsì. Tí kò bá yí padà, ẹ pààrọ̀ rílè. Kì í ṣe brain box, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta brain box fún yín.

Lásìkò òjò, omi máa ń wọ ẹ̀yìn kọ́fà tó ń pín iná púlọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnnì á máa sín láàárọ̀. Ẹ ṣí i, ẹ nù ún, kí ẹ rí i pé ike tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì là.

arojojoye, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣeun gan-an, ọkàn mi ti ń fà sí 535i. Mo tún bi ẹni tó ni ín léèrè. Ó ní mẹkáníìkì òun ti yọ tamosítáàtì, èyí tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, kúrò torí ilẹ̀ wa gbóná, omi lásán ló sì wà nínú rédíétọ̀. Ó tún ní ríìmù 17 ti BMW E39, èyí tó dé lẹ́yìn E34, tó fẹ́ fi kún un fún mi. Ṣé kò séwu?

remo_m30, Ṣágámù

Ewu wà nínú ti àkọ́kọ́, ẹ fi gé owó.

Tamosítáàtì kì í ṣe ohun tí òtútù nìkan ń lò. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì kì í gbóná dé ibi tó yẹ lórí eré, brain box á rò pé ó ṣì tutù, á máa da epo sí i, epo yẹn á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà. Nígbà tí ẹ bá wá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, irú èyí tó máa ń wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lásìkò Ojúde Ọba, ẹ́ńjìnnì ṣì lè gbóná jù. Tọ́ọ̀pù M30 jẹ́ alumíníọ̀mù. Omi lásán ń jẹ ẹ́ nínú, tó bá sì ti gbóná kọjá ààlà lẹ́ẹ̀kan, ó lè tẹ̀ tàbí kó là.

Torí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ ṣí omi, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀: tó bá rí bí ògì aláwọ̀ ilẹ̀, ọ́ìlì ti wọ̀ ọ́. Ẹ sìtáàtì rẹ̀, ẹ tan AC, ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá àárín. Ẹ pa á, kí ẹ fi ọwọ́ yí fáànù: tó bá gbóná, ó gbọ́dọ̀ le lọ́wọ́. Tó bá ń yí fàlàlà, kọ́lọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti kú. Ẹ wo ọrùn rédíétọ̀ níbi tí ọ́ọ̀sì òkè ti wọlé, ike ni, ó máa ń là síbẹ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, kí ẹ wọn kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí àsẹ̀lérètọ̀. Tí sìlíńdà méjì tó sún mọ́ra bá lọ sílẹ̀ pọ̀, gásíkẹ̀ẹ̀tì ti já láàrin wọn.

Tí ẹ bá ti rà á, kí ẹ tó gbé e lọ Èkó: tamosítáàtì, wọ́tà pọ́ńpù, bẹ́líìtì, ọ́ọ̀sì gbogbo, kúláǹtì ìdajì pẹ̀lú omi ìdajì, bíi lítà 12 lápapọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń rọ ọ́, ẹ ṣí hítà dé òpin, ẹ tú bóòtì kékeré tó wà lórí ilé tamosítáàtì títí afẹ́fẹ́ á fi tán tí omi nìkan á máa jáde. Afẹ́fẹ́ tó bá kù sínú rẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí wọ́n rò pé tamosítáàtì tuntun ló bàjẹ́. Ẹ tún fi nọ́ńbà méje tó kẹ́yìn lára nọ́ńbà ṣáásí yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. 525i tí wọ́n lẹ 535i mọ́ lẹ́yìn pọ̀ níta.

Ti ríìmù, bóòtì márùn-ún E39 bá ti E34 mu, 5x120 ni méjèèjì. Ihò àárín ni kò dọ́gba: ti E39 jẹ́ 74.1 mm, ti E34 jẹ́ 72.6. Ẹ fi òrùka sí àárín rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa gbọ̀n ní 100, ẹ á sì tún rò pé bọ́ọ̀ṣì ni. Ní tèmi, ẹ ṣì jẹ́ kí ríìmù 15 rẹ̀ pẹ̀lú táyà 225/60 wà lẹ́sẹ̀. Ihò ọ̀nà Ìbàdàn àtijọ́ á tẹ 17 yẹn.