Ọmọ mi ga lójijì, kò lè sáré bíi tẹ́lẹ̀ mọ́: kí ni kí n ṣe?

Ìyá Agbábọ́ọ̀lù

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Ọmọ ọdún 13 ni, bọ́ọ̀lù ni ayé ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù síwájú fún un, kò sẹ́ni tó lè lé e bá nínú ẹgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù díẹ̀, ó ga débi pé ṣòkòtò ẹ̀ ò ju agbedeméjì ojúgun mọ́, látìgbà náà sì ni eré ẹ̀ ti yí padà. Ó ń kọsẹ̀ níbi tí kò sí nǹkan kan. Bọ́ọ̀lù tó máa ń dúró sí i lẹ́sẹ̀ ti ń ta lọ. Àwọn tó máa ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn ti wá ń fi òun náà sílẹ̀. Ó tún ní ibì kan ń dun òun nísàlẹ̀ eékún. Tí mo bá fọwọ́ kàn án, kókó kékeré kan wà níbẹ̀ tó le bí egungun, kì í sì í fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́.

Kóòṣì ẹ̀ ní ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́ lára, pé kó máa sá eré gígùn láràárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé, yàtọ̀ sí ìdánrawò ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n ń ṣe lọ́sẹ̀. Bàbá ẹ̀ ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin kó lè lágbára. Ẹ̀gbọ́n mi sì ní irin gbígbé kì í jẹ́ kí ọmọ ga mọ́. Mi ò mọ èwo ni kí n gbà. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ mọ́ tó bá ti pápá dé, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Kóòṣì Àwọn Èwe

Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ yín ò ya ọ̀lẹ. Gbogbo àwa tá à ń kọ́ ọmọ ọdún 12 sí 15 la máa ń rí irú ẹ̀. Ìgbà kan wà tí ara ọmọ máa ń ga wéréwéré. Fún ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin, nǹkan bí ọmọ ọdún 14 ló máa ń yá jù. Fún ọmọbìnrin, nǹkan bí 12. Ọmọkùnrin lè fi sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 ga láàárín ọdún kan. Ẹsẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ gùn, kí ẹ̀yìn àti àyà tó tẹ̀ lé e. Ọpọlọ tó ti mọ bí ẹsẹ̀ ṣe gùn tó tẹ́lẹ̀ á wá máa fi ìwọ̀n àtijọ́ darí ẹsẹ̀ tuntun. Agbára iṣan náà kì í tètè dé. Egungun ló máa ń ṣáájú. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ, ó máa ń kọjá lọ. Pàṣán ò lè mú un yá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gíga ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Láàárọ̀ ni o, torí èèyàn máa ń kúrú díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kó bọ́ bàtà, kó fi gìgísẹ̀ àti ẹ̀yìn kan ògiri, kó máa wo iwájú gan-an. Ẹ gbé ìwé líle lé e lórí, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì fàlà sí ògiri, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ sí i. Oṣù tí ẹ bá rí i pé ó ga ju bó ṣe máa ń ga lọ, oṣù yẹn gan-an ni ká dín eré sísá àti fífò ẹ̀ kù.

Físíò Eléré

Ẹ kú iṣẹ́, Kóòṣì. Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti eékún yẹn. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀, ó jọ ohun tí à ń pè ní Osgood-Schlatter, orúkọ dókítà méjì tó kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1903. Iṣan ńlá tó wà níwájú itan máa ń gba orí eékún kọjá, á wá lẹ̀ mọ́ egungun ojúgun lókè. Ní ọjọ́ orí ọmọ yín, ibi tó lẹ̀ mọ́ yẹn ṣì rọ̀, kò tíì di egungun gidi. Gbogbo ìgbà tó bá sáré, tó fò tàbí tó gbá bọ́ọ̀lù, ni iṣan náà ń fà á. Tí fífà náà bá pọ̀ jù, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, á sì wú jáde. Irú ẹ̀ tó máa ń mú gìgísẹ̀ là ń pè ní Sever.

Nítorí náà, eré gígùn àràárọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Kò pọn dandan kó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ pátápátá. Ẹ ní kó fi òǹkà láti 0 dé 10 sọ bó ṣe ń dùn ún. Tí kò bá kọjá 3 nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó sì ti lọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó lè máa bá a lọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọjọ́ kan tàbí méjì kúrò nínú ìdánrawò ẹ̀, ẹ sì dín gbígbá bọ́ọ̀lù tagbáratagbára àti fífò kù. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ tán.

Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kó lè fojú ara ẹ̀ rí i. Ẹ má sì fi falẹ̀ rárá tó bá ń dùn ún lóru, tí ibà bá wà níbẹ̀, tí kò bá lè na ẹsẹ̀ tán, tàbí tí ìrora ńlá bá dé lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn tó fò. Tó bá ń tiro pẹ́nrẹ́n, ẹ ní kí wọ́n yẹ ìbàdí ẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí àìsàn ìbàdí kan wà nínú ọmọ tó ń bàlágà tó jẹ́ pé eékún ni ìrora ẹ̀ máa ń yọ sí.

Alàgbà Pápá

Ẹ̀yin ọmọ òde òní ti ń kẹ́ ọmọ jù. Nígbà tiwa, eékún dùn wá, a fi aṣọ dì í, a sì sáré. A ò kú.

Físíò Eléré

Ẹ ǹlẹ́ sà. Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀pọ̀ ló sáré lórí ìrora tí kò sì kú. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 14 torí pé wọ́n ní ọ̀lẹ ni wọ́n, wọn ò sí níbí láti sọ tiwọn. Mi ò fẹ́ kí ọmọ yìí wà lára wọn, sà.

Kóòṣì Àwọn Èwe

Ó ku ọ̀rọ̀ irin. Màmá, ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kò sí ẹ̀rí pé irin gbígbé ń dá gíga ọmọ dúró, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ń dúró tì í, tí ìwúwo ẹ̀ ò sì ju agbára ọmọ lọ. Bàbá ẹ̀ náà rí nǹkan sọ, àmọ́ ara ọmọ fúnra ẹ̀ ni irin àkọ́kọ́: lílóṣòó, púṣọ́ọ̀pù, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Nígbà tí ìwọ̀nyẹn bá gún régé ni kó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú irin fúyẹ́fúyẹ́.

Ẹ tún bi akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn bóyá ó ń lo FIFA 11+. Ìmúra ara tó máa ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọbìnrin ọdún 13 sí 17 ní Norway, àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2008: ìpalára dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọ̀kan wà nínú ẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an: ọmọ á kúnlẹ̀, ẹnì kejì á di ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, á wá máa rọra ṣubú síwájú láì tẹ̀ ní ìbàdí, tí iṣan ẹ̀yìn itan á máa dá a dúró. Ó dáa púpọ̀ fún ẹ̀yìn itan, ṣùgbọ́n ọmọ yín ò gbọdọ̀ tíì ṣe é. Orí kókó yẹn gan-an ló máa kúnlẹ̀ lé.

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ Ayò

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bojú tó oorun ẹ̀ náà o. Wákàtí 8 sí 10 lóru ni wọ́n ní ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò. Tó bá ń jí sáré kílẹ̀ tó mọ́, ibo ló fẹ́ rí i? Àwọn onímọ̀ tún máa ń sọ pé kí iye wákàtí tí ọmọ ń fi ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀ má ju iye ọdún ẹ̀ lọ. Ẹ ṣírò ti ọmọ yín, kẹ́ ẹ sì fi bọ́ọ̀lù tó ń gbá nílé ìwé kún un.

Ìyá Agbábọ́ọ̀lù

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Olúwa á bá mi san án fún yín. Mo ti ka ọ̀rọ̀ Kóòṣì sí ọmọ náà létí. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe pé mi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá mọ́ nìyẹn?" Mo ní rárá. Báwo ni kí n ṣe gbé e ka kóòṣì wọn níwájú tí kò fi ní bínú? Àbúrò ẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 11, náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù. Ṣé ó yẹ kí n ṣe nǹkan kan fún òun náà?

Kóòṣì Àwọn Èwe

Ẹ má lọ bá a níwájú àwọn ọmọ. Ẹ mú òǹkà gíga tẹ́ ẹ kọ àti ìwé dókítà dání, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ pé fún ìgbà díẹ̀, kó fi ọmọ náà sí àárín, kó máa gbá bọ́ọ̀lù nínú eré kéékèèké, mẹ́rin sí mẹ́rin, dípò eré gígùn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa kan bọ́ọ̀lù léraléra, èémí ẹ̀ á sì máa lágbára síbẹ̀. Kóòṣì tó bá fẹ́ràn ọmọ á gbọ́.

Físíò Eléré

Ti àbúrò ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí kí gíga tiẹ̀ tó dé. Lára àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù, iṣan àárín eékún máa ń já ju ti ọkùnrin lọ, pàápàá lẹ́yìn ìbàlágà. Ẹ ní kó máa fò láti orí àtẹ̀gùn kékeré kan, kó balẹ̀ pẹ̀lẹ́ láì pariwo, kí eékún méjèèjì tẹ̀, kí wọ́n sì dojú kọ ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ dojú kọ. Tí eékún bá ń wọlé síra wọn, ẹ dá a dúró, kó tún un ṣe.