MGB mi ń wúkọ́ bó bá ti gbóná: ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tẹ́ ẹ mọ mọ́tò àtijọ́, ẹ gbà mí

Ọmọ Mólípà, Leicester
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Alárè. Mo ra MGB 1969, mọ́tò onísáré kékeré ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan ládùúgbò wa. Pupa ni, kábúrétọ̀ SU méjì (ẹ̀yà tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì) ló wà lára rẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán. Láàárọ̀, bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́, kíá ló ń dáhùn. Àmọ́ bó bá ti gbóná, wàhálà dé: á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kò ní lágbára mọ́ bí a bá ń gun òkè, tí mo bá sì dúró nídìí iná tíráfíìkì, ohùn ẹ́ńjìnì á máa lọ sókè-sódò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ju kábúrétọ̀ méjèèjì nù, kí n ra tuntun. Owó gidi ni wọ́n ń tà á. Ṣé kí n rà á?

Mẹkáníìkì Mákùn, Houston
Àbúrò, tọ́jú owó ẹ. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Ṣágámù, ọ̀gá mi kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan kábúrétọ̀ àfi tó bá ti dá wa lójú pé iná ń wá dáadáa. Ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní àrùn kábúrétọ̀, inú dìsìtìríbútọ̀, ẹ̀yà tó ń pín iná fún àwọn pọ́lọ́ọ̀gì, ló sábà máa ń wà.

Ṣí ìdérí dìsìtìríbútọ̀, kó o wo kọ́ntáàkì sẹ́ẹ̀tì, irin kékeré méjì tó ń ṣí tó sì ń pa dé láti já iná. Tí ojú rẹ̀ bá ti jó, tí apá kan ní kòtò tí ìkejì sì ní gegele, pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí kámù bá tì í ṣí tán, àlàfo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.35 sí 0.40 mílímítà. Fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) ni kó o fi wọ̀n ọ́n, má fojú díwọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, pààrọ̀ kọndẹ́ńsà, ẹ̀yà kékeré tí kì í jẹ́ kí iná jó ojú kọ́ntáàkì. Kọndẹ́ńsà tó ti ń kú lọ lè ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, bó bá gbóná tán ló máa ń dalẹ̀. Ohun tó o ṣàlàyé yẹn gan-an nìyẹn.

Bó o bá tú wáyà pọ́lọ́ọ̀gì, 1-3-4-2 ni wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn. Kọ ọ́ sára ògiri gáréèjì.

Ọmọ Mólípà, Leicester
Ẹ ṣé gan-an, Bọ̀dá. Kọndẹ́ńsà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò wọ́n rárá. Ṣé kí n mú u?

Mẹkáníìkì Mákùn, Houston
Rárá o. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò wọ́n yẹn kì í pẹ́. Ọwọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà MGB nìkan ni kó o ti rà á. Èyí tó bá sì ṣì ń ṣiṣẹ́, bó o bá tiẹ̀ yọ ọ́, fi sínú bùtù pẹ̀lú skúrú dráífà kan. Ọjọ́ kan á dákú sójú títì márosẹ̀, wàá rántí mi.

Àǹtí Ìperu, Manchester
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ́ńjìnì nìkan lẹ mọ̀. Àbúrò, ta ló wo abẹ́ mọ́tò náà kó o tó sanwó?

Triumph Spitfire ni èmi ń wà. Tiwa ní ṣáṣí (férémù irin) lábẹ́. MGB ò ní, ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbé ẹrù, pàápàá irin gbọọrọ abẹ́ ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní sílì. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níbí nígbà òtútù ló ń jẹ ẹ́ láti inú wá, o ò ní rí i lóde. Ọ̀dà tó ń dán lórí sílì tó ti jẹrà, agbádá lórí ẹni tí kò wọ ṣòkòtò ni. Mú òòfà kékeré, kó o fi tọ ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn àti ẹ̀yìn táyà lọ. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì ni wọ́n fi dí i. Lẹ́yìn náà, fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, kó o wá ṣí ìlẹ̀kùn. Bí ìlẹ̀kùn bá há tàbí tí àlàfo rẹ̀ yí padà, sílì ti rẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ wẹ́dà ló kù. Ìyẹn sì ń jẹ owó ju kábúrétọ̀ lọ fíìfíì.

Bí sílì bá ṣì le, wo àwọn ihò tí omi ń gbà jáde lábẹ́ rẹ̀ àti lábẹ́ ìlẹ̀kùn, gún wọn kí wọ́n ṣí, kó o wá fún wáàsì sínú rẹ̀ kí òtútù tó dé.

Ti ìwé ńkọ́? Mọ́tò tó bá ti pé ogójì ọdún kò san owó orí ọkọ̀ níbí, MOT (àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún) kò sì pọn dandan fún un bí wọn ò bá tíì yí i padà kọjá ààlà. ULEZ Lọ́ńdọ̀nù, tó ń gbowó lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín rẹ̀ pọ̀, náà kò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ń ṣe ara rẹ̀ o, ìwọ lo máa kọ̀wé sí DVLA, àjọ tó ń rí sí ìwé ọkọ̀, kí wọ́n tò ó sí ọkọ̀ àtijọ́. Èmi ṣì ń gbé tèmi lọ fún MOT lọ́dọọdún. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tí kì í ṣe èmi wo bíréékì mi.

Ọmọ Mólípà, Leicester
Àǹtí, ẹ kú àlàyé. Òòfà lẹ̀ mọ́ sílì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìlẹ̀kùn ò há. Bọ̀dá Mákùn, ẹ wòṣẹ́! Kọ́ntáàkì sẹ́ẹ̀tì ti jẹ débi pé kò fẹ́ẹ̀ ṣí mọ́. Mo ti pààrọ̀ òun àti kọndẹ́ńsà. Ikọ́ ti lọ, ó ń gun òkè. Ohùn sókè-sódò yẹn nìkan ló kù.

Mẹkáníìkì Mákùn, Houston
Ó dáa. Ó wá kan kábúrétọ̀ báyìí, láìra tuntun.

Kọ́kọ́ wo àlàfo fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná, 0.38 mílímítà. Bí ti ìta èéfín bá ń fún pọ̀ léraléra lẹ́yìn tó o ti tún un ṣe, ìjókòó fáàfù ló ń jẹ. Epo tó ní òjé ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnì yẹn fún, wọ́n sì ti fòfin dè é níbẹ̀ láti 2000.

Tú ìdérí kékeré tó wà lórí kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó o wo ọ́ìlì inú rẹ̀. Bó bá gbẹ, písítìnì á fò sókè kíá nígbà tó o bá tẹ iná, ẹ́ńjìnì á gbọ̀n. Ọ́ìlì 20W-50 tó o fi ń wà á tó. Yọ fílítà afẹ́fẹ́, tú ọ̀pá tó so méjèèjì pọ̀, ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ etí, fi òdì kejì sí ẹnu kábúrétọ̀ kan, lẹ́yìn náà sí ìkejì. Yí skúrú wọn títí ìró afẹ́fẹ́ méjèèjì á fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà, fi pínnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbé písítìnì sókè, kó má tó mílímítà kan. Bí ohùn bá ròkè tó dúró síbẹ̀, epo pọ̀ jù. Bó bá fẹ́ kú, epo kéré. Bó bá ròkè fẹ́ẹ́ tó padà, ó ti ṣe é. Nọ́ọ̀tì abẹ́ ló ń tún un ṣe: yíyí i lọ sókè ń dín epo kù. Igun kan lẹ́ẹ̀kan, kó o tún gbọ́.

Àǹtí Ìperu, Manchester
Kí o sì máa ra super tó jẹ́ E5, epo tí ẹ́tánọ́ọ̀lù (ọtí) inú rẹ̀ kò pọ̀. E10 tó dé ní 2021, tí tirẹ̀ pọ̀ jù ú lọ, ń ba àwọn rọ́bà epo àtijọ́ jẹ́. Pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo, iná ò mọ ọlọ́lá.

Ọmọ Mólípà, Leicester
Kábúrétọ̀ iwájú ló ń mu epo jù! Ó ti dúró jẹ́ẹ́. Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan: mo fẹ́ gbé e wálé, kí ẹgbẹ́ wa fi jáde níbi Ojúde Ọba.

Bàbá Ìta-Ọ̀ṣùn, Ìjẹ̀bú-Òde
Ọmọ mi, bi kọ́sítọ́ọ̀mù léèrè kó o tó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ní iye ọdún tí àlòkù kò gbọdọ̀ kọjá, tìẹ ti lé ní àádọ́ta. Bó bá tiẹ̀ wọlé, ọjọ́ kẹta Iléyá kì í ṣe ọjọ́ eré. Fáànù rẹ, bẹ́líìtì ló ń yí i. Bó o bá ń rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín èrò àti ẹṣin, kò ní fẹ́ atẹ́gùn tó, rádíétọ̀ á hó. Tí géèjì bá ń gòkè, hítà lò ń ṣí kó lè gba ooru kúrò lára ẹ́ńjìnì. Nínú oòrùn Ìjẹ̀bú-Òde! Wàá lóògùn ju ẹṣin lọ.

Ti mẹkáníìkì, àwọn àgbà tó ti bá Peugeot 504 àti Beetle ṣiṣẹ́ lo máa wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí níbo ni òun ti máa ki kọ̀ǹpútà bọ Beetle mi.

Ẹ wò ó, ta ló ń bọ̀ fún Iléyá nínú yín? Ẹ bá mi ra kọ́ntáàkì sẹ́ẹ̀tì àti kọndẹ́ńsà ti Beetle 1300.

Àǹtí Ìperu, Manchester
Èmi ń bọ̀ sí Ìperu, Bàbá. Bosch àbí èyí tí kò wọ́n?

Bàbá Ìta-Ọ̀ṣùn, Ìjẹ̀bú-Òde
Bosch ni o, méjì-méjì. Owó wà nílẹ̀. Màá rán ọmọ wá gbà á ní Ìperu.