Lórí ọ̀rọ̀ ààbò ìlú, ta ló ń pàṣẹ gan-an: Ààrẹ ni àbí àwọn mínísítà?

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Nígbà tí Ísírẹ́lì fẹ́ dáwọ́ ìjà dúró pẹ̀lú Hamas ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ ààbò tí mínísítà díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìbò, kí gbogbo mínísítà tó wá dìbò tiwọn: 24 gbà, 8 kọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí à ń gbọ́ kò ju pé Ààrẹ ṣèpàdé pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ológun. Ṣé àwọn mínísítà tiwa náà máa ń dìbò? Àwọn wo ni òfin ní kó jókòó síbẹ̀? Tí wọ́n bá sì fẹnu kò, báwo ló ṣe ń dé ọ̀dọ̀ DPO (ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá) tó wà ní Ọ̀yọ́ níbí?

Ará Tákíé:
Wọn kì í dìbò o. Ìmọ̀ràn ni ìwé òfin 1999 ní kí wọ́n máa fún Ààrẹ. Tí gbogbo wọn bá ní kó má ṣe é, tó ní òun á ṣe é, àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Abala 218 ló fi ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa lo àwọn ológun sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ méjì làwọn èèyàn máa ń pò pọ̀. Ìgbìmọ̀ Ààbò Orílẹ̀-èdè ni ti ààbò ìlú. Àwọn mẹ́jọ tí òfin kà síbẹ̀ ni Ààrẹ tó jẹ́ alága, igbákejì rẹ̀, ọ̀gá pátápátá fún gbogbo ológun, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, mínísítà ètò ààbò, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò (NSA) àti ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Èkejì, Ìgbìmọ̀ Ìgbèjà Orílẹ̀-èdè (National Defence Council), tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ gbígbèjà ilẹ̀ wa lọ́wọ́ ọ̀tá, kò ní ọlọ́pàá nínú: Ààrẹ, igbákejì, mínísítà ètò ààbò, ọ̀gá pátápátá náà, àtàwọn ọ̀gá ọmọ ogun orí ilẹ̀, ojú omi àti òfurufú. Ààrẹ lè fi ẹni tó bá wù ú kún èyíkéyìí nínú méjèèjì láì dúró de àwọn aṣòfin.

Ẹ wá wo àwọn tí orúkọ wọn ò sí nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò. Ọ̀gá DSS (ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ abẹ́lé) ò sí níbẹ̀, ọ̀gá NIA (ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ òkèèrè) ò sí níbẹ̀, àfi tí Ààrẹ bá fi wọ́n kún un. Mínísítà ètò ìdájọ́ ò sí níbẹ̀, mínísítà ìṣúná náà ò sí. Ní Ísírẹ́lì, dandan ni kí àwọn mínísítà méjì yìí wà nínú ìgbìmọ̀ ààbò. Lójú tèmi, àìsí mínísítà ìṣúná níbẹ̀ ni àlàfo tó burú jù nínú òfin wa. Ẹ ní kí ọmọ ogun lọ pàgọ́ sínú igbó kan: epo ọkọ̀, oúnjẹ, ọta ìbọn, owó ojoojúmọ́ wọn, gbogbo rẹ̀ ti di gbèsè kí ẹni tó máa wá owó náà tó gbọ́. Tí owó bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró, ìṣọ́ òru á dín kù, àwọn tí wọ́n ń lé á sì padà síbi tí wọ́n ti sá kúrò.

Ìyá Amòfin:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹni tó béèrè rò pé kò sí ẹni tó lè di Ààrẹ lọ́wọ́ mú. Abala 5 sọ pé kò lè kéde ogun láìjẹ́ pé ilé aṣòfin méjèèjì jókòó pọ̀ kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Kò sì lè kó ọmọ ogun lọ jà nílẹ̀ òkèèrè láì kọ́kọ́ gba àṣẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Bí ewu bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ó lè kó wọn lọ fún ìjà tó mọ níwọ̀n lẹ́yìn tó bá ti fọ̀rọ̀ lọ ìgbìmọ̀ kejì tí Ará Tákíé dárúkọ yẹn. Tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ọjọ́ 7 láti lọ tọrọ àṣẹ. Àwọn aṣòfin àgbà náà ní ọjọ́ 14 láti gbà tàbí kọ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú wa. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní orílẹ̀-èdè Niger ní July 26, 2023, ECOWAS (àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà) fún wọn ní ọjọ́ méje láti dá ìjọba padà. Ààrẹ Tinubu kọ lẹ́tà sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà lórí ohun tí ECOWAS fẹ́ ṣe, tó fi mọ́ lílo ọmọ ogun, wọ́n jókòó lé e lórí ní August 5, wọ́n ní kí wọ́n máa bá ìjíròrò lọ. Ọmọ ogun wa ò lọ.

Ti ìlú-ò-fararọ (state of emergency) wà ní abala 305. Tí ilé aṣòfin bá ń jókòó lọ́wọ́, ọjọ́ 2 péré ni ìkéde náà ní kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Tí wọn ò bá sí lẹ́nu ìjókòó, ọjọ́ 10. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ gbà á: 73 nínú 109 lókè, 240 nínú 360 nísàlẹ̀. Oṣù mẹ́fà ló máa ń lò, àfi tí wọ́n bá sọ ọ́ di ọ̀tun. Nígbà ti Ìpínlẹ̀ Rivers, tí Ààrẹ kéde ní March 18, 2025, ohùn ẹnu ni wọ́n fi gbà á ní March 20. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀, torí báwo lẹ ṣe máa fi "bẹ́ẹ̀ ni" tí gbogbo ilé pa pọ̀ mọ̀ pé ó pé 240?

Àgbà Akọ̀wé:
Ẹ jẹ́ kí n fi bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kún un. Láti 1986 tí wọ́n ti pín NSO, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àtijọ́, sí mẹ́ta (DSS fún abẹ́lé, NIA fún òkèèrè, DIA fún ológun), ìròyìn kì í wá láti ojú kan mọ́. Ó yẹ kí ọ́fíìsì NSA kó gbogbo rẹ̀ jọ, yọ èyí tó tako ara wọn, kó sì kọ ọ́ sójú ìwé kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù nìyí: ẹnì kan ṣoṣo lè máa ta DSS, ọlọ́pàá àti ológun lólobó, kí ìròyìn mẹ́ta wá jọra délé ìpàdé, kí wọ́n sì rò pé ẹ̀rí mẹ́ta ni.

Ewu kejì ni alága. Bí Ààrẹ bá kọ́kọ́ sọ èrò rẹ̀, ta ló máa takò ó? Alága tó mọṣẹ́ á jẹ́ kí àwọn tí ipò wọn kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. (Àwa ọmọ Ọ̀yọ́ ò gbọdọ̀ gbàgbé pé Ọ̀yọ́ Mèsì méje lè kọ̀ fún Aláàfin, Baṣọ̀run ló sì ń ṣáájú wọn. Mínísítà tí Ààrẹ fúnra rẹ̀ yàn, tó lè yọ lọ́la, kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀.)

Àṣẹ tó jáde níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tó máa ṣe é, ọjọ́ tó máa parí, ibi tí owó ti máa wá, àti ẹni tó máa jábọ̀. Bí wọ́n bá kàn kọ "kí àwọn agbófinró túbọ̀ tẹra mọ́ṣẹ́", ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, wọn ò tíì pinnu nǹkan kan.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́:
Ẹ ṣeun gan-an ni o. Gómìnà wa wá ńkọ́? Ṣebí òun ni wọ́n ń pè ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀.

Ará Tákíé:
Orúkọ ńlá ni. Gómìnà ò sí lára àwọn mẹ́jọ yẹn. Àṣẹ àwọn ọlọ́pàá ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà wọn ní Àbújá bọ̀ gẹ́gẹ́ bíi sígínà (iṣẹ́ tí ọlọ́pàá fi ń ránṣẹ́ síra wọn), á dé ọ̀dọ̀ kọmíṣánnà ní Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn, kó tó kan DPO yín. Àmọ̀tẹ́kùn nìkan ló ń gbọ́ ti gómìnà tààrà, torí òfin ìpínlẹ̀ ló gbé e kalẹ̀ ní 2020.

Abala 215 gba gómìnà láyè láti pàṣẹ fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá nítorí àlàáfíà ìlú. Ṣùgbọ́n kí kọmíṣánnà tó ṣe é, ó lè ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ààrẹ tàbí mínísítà tí Ààrẹ bá yàn. Tí Àbújá ò bá dá a lóhùn, ibẹ̀ ló máa wà. Gómìnà ò sì lè gbé e lọ sílé ẹjọ́: abala kan náà sọ pé kò sí ilé ẹjọ́ tó gbọdọ̀ wádìí bóyá wọ́n pàṣẹ tàbí irú àṣẹ tí wọ́n pa.